Ilé Ìgbọ́rin Kan ní Tánkẹ̀ àti Alẹ́ Astor Piazzolla

Ilé ìgbọ́rin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ wà ní Tánkẹ̀, ní Ìlọrin, ní apá Òkè-Odò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ṣe ibùgbé. Kì í ṣe ilé ọtí, kì í ṣe ilé ijó, bẹ́ẹ̀ ni kò jọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń kó orin sínú fóònù fún oníbàárà. Ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni àyè láti jókòó jẹ́ẹ́, kí ènìyàn fetí sí iṣẹ́ olórin kan ṣoṣo láti ìgbà èwe rẹ̀ títí dé ìgbà tó gbé ohun èlò sílẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ sì máa là á yéni bí àwo kan bá ti parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ṣe é fún Odòlayé Àrẹ̀mú, olórin dàdàkúàdà tí ìlú yìí kò lè gbàgbé. Alẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín jẹ́ ti Astor Piazzolla, ọmọ Ajẹntínà tó tẹ bandoneon, ohun èlò ẹlẹ́wìrì kan, tó sì kọ orin fún un títí àwọn tó ń fi tango, orin ijó ilẹ̀ Ajẹntínà, jó fi bínú sí i. Ní tèmi, owó ìwọlé náà kò ṣòfò, ọ̀nà tí wọ́n gbà to àwọn àwo náà sì dára gan-an. Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé ìtàn tí olùdarí ètò fi so wọ́n pọ̀ gbé ìyìn tó pọ̀ jù fún ìgbà díẹ̀ tí Piazzolla lò ní Párísì, ó sì gba ìyìn náà lọ́wọ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ṣáájú rẹ̀.

Yàrá náà kò tóbi, àga ibẹ̀ kò sì pọ̀, èyí tó dára, nítorí pé ariwo ènìyàn kò lè bo orin mọ́lẹ̀. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ títí àwọn ènìyàn yóò fi kírun Ìṣáì tán, wọ́n sì tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ẹni tó bá pẹ́ dé. Sólà ni wọ́n ń lò, ariwo jẹnẹrétọ̀ kò sí rárá. Fún ilé tó ń ta ìdákẹ́jẹ́, mo ka èyí sí ohun tó ṣe pàtàkì ju àga lọ.

Kí wọ́n tó gbé àwo kankan sórí ẹ̀rọ, olùdarí náà, tó jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun èlò yẹn, ó sì ṣe dáadáa tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mọ̀lẹ́bí akọ́díọ̀nù ni bandoneon, ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n sì ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Heinrich Band, ọmọ ìlú Krefeld tó ń tà á ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹwìrì gígùn kan wà láàárín àpótí onígi méjì, bí ènìyàn bá sì fà á tàbí tó tì í, afẹ́fẹ́ yóò gba ara àwọn ahọ́n irin kéékèèké kọjá, wọn yóò sì dún. Kò ní bọ́tìnnì tó ń dá odidi kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, jáde bí èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ akọ́díọ̀nù. Ìka ni yóò wá ohùn kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Nínú irú èyí tí àwọn ará Ajẹntínà ń lò, bọ́tìnnì 38 wà fún ọwọ́ ọ̀tún, 33 wà fún ọwọ́ òsì, ṣùgbọ́n nítorí pé bọ́tìnnì kan náà sábà máa ń mú ohùn kan wá bí wọ́n bá fa ẹwìrì, tí yóò sì mú òmíràn wá bí wọ́n bá tì í, àpapọ̀ ohùn rẹ̀ jẹ́ 142. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ gbọ́dọ̀ mọ ètò mẹ́rin lórí: ti ọwọ́ ọ̀tún nígbà fífà àti nígbà títì, ti ọwọ́ òsì nígbà fífà àti nígbà títì. Bọ́tìnnì wọ̀nyẹn kò sì tò tẹ̀lé ara wọn láti orí ohùn ìsàlẹ̀ dé ohùn òkè bí àwọn eyín dùùrù ṣe tò.

Níbi tí àlàyé ti fẹ́ dàrú ni ìgbà tí wọ́n gbé akọ́díọ̀nù kan tó ní eyín bíi ti dùùrù jáde láti fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí bandoneon nílé. Irú akọ́díọ̀nù bẹ́ẹ̀ máa ń dún bákan náà yálà wọ́n fà á ni tàbí wọ́n tì í. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní ohùn rẹ̀ máa ń yí padà bí ẹ bá tì í, ṣùgbọ́n ohùn kan náà ni mo ń gbọ́.” Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, o gbọ́ ọ dáadáa. Eléyìí kì í ṣe bandoneon, a fi ṣe arọ́pò ni.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yé ọmọ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ̀ràn mi fún ilé náà ni pé kí wọ́n ra hamóníkà kékeré, irú èyí tí àwọn ọmọdé máa ń fi ẹnu fọn, nítorí pé ihò kan náà nínú rẹ̀ máa ń mú ohùn kan wá bí ènìyàn bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, tí yóò sì mú òmíràn wá bó bá fà á. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, àlàyé tó sì lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan yóò ju gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Ìdí tí mo fi dúró pẹ́ lórí èyí ni pé ẹni tí kò bá lóye ẹwìrì náà kò lè gbọ́ Piazzolla dáadáa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ bandoneon fún tango máa ń fẹ́ kí ẹwìrì wà ní fífà nígbà tí wọ́n bá ń tẹ ohun tó le, nítorí pé ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti lágbára jù. Bí ó bá ti ṣí dé òpin, wọn yóò fi àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún tẹ irin kan tó ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, wọn yóò sì pa á dé kíákíá láti tún bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn tó ń jáde nígbà náà máa ń wọ inú àwo, etí tó bá sì ti mọ̀ ọ́n yóò máa gbọ́ ibi tí olórin ti mí. Olùdarí sọ èyí fún wa kó tó gbé àwo kìíní sí i, ọpẹ́ ni fún un. Ó tún sọ nípa Alfred Arnold ní Carlsfeld, ní Saxony, nílẹ̀ Jámánì, tó ń ṣe àwọn èyí tí lẹ́tà AA wà lára wọn, àwọn tí ará Buenos Aires, olú ìlú Ajẹntínà, fẹ́ràn jù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba gba ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì dísù. Nítorí náà, ohun èlò tí wọ́n ṣe ṣáájú ogun ni ọ̀pọ̀ àgbà olórin tango ń lò títí wọ́n fi darúgbó.

Ètò àwọn àwo ni ohun tó dára jù lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn kò fi ọdún nìkan to wọ́n. Ẹgbẹ́ tó yí bandoneon ká ni wọ́n fi pín iṣẹ́ náà sí ìpele. Ní ìpele kan, ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn bandoneon tó jókòó sí ìlà kan nínú ẹgbẹ́ ńlá tó ń lu fún àwọn oníjó. Ní ìpele mìíràn, ó dojú kọ gìtá oníná. Ní òmíràn, ó wà láàárín ènìyàn márùn-ún tí olúkúlùkù wọn lè dá dúró fúnra rẹ̀. Bí mo ṣe ń gbọ́ wọn tẹ̀lé ara wọn, ó hàn sí mi pé ọwọ́ Piazzolla kò yí padà tó bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń sọ. Àwọn tó yí i ká ló ń yí padà, òun ló sì ń yàn wọ́n. N kò tíì rí ibi tí ìwé kan ti mú èyí hàn kedere tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà èwe rẹ̀ kò gba àkókò púpọ̀, kò sì yẹ kó gbà. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1921 ní Mar del Plata, létí òkun Ajẹntínà, sí ọwọ́ òbí tí ìran wọn wá láti Ítálì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ní àbùkù láti inú ìyá. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ tí wọ́n fi kó lọ sí New York. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀, Vicente, tí àwọn ọmọ ilé ń pè ní Nonino, ti ra bandoneon kan fún un ní ọdún 1929, ní ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ènìyàn ti máa ń fi ẹrù dógò gba owó. Aládùúgbò wọn kan, atẹdùùrù ọmọ Húngárì tó ń jẹ́ Béla Wilda, kọ́ ọ ní orin Bach, àgbà olùṣẹ̀dá orin ará Jámánì, ọmọ náà sì ń wá ọ̀nà láti tẹ orin dùùrù wọ̀nyẹn lórí bọ́tìnnì. Ní ọdún 1934, ó pàdé Carlos Gardel, ọba akọrin tango, ó sì ṣe ọmọ tó ń ta ìwé ìròyìn nínú fíìmù kan tí Gardel ṣe ní New York. Gardel fẹ́ mú un rin ìrìn àjò, bàbá rẹ̀ kọ̀ nítorí pé ọmọdé ni, ìrìn àjò yẹn gan-an ni ọkọ̀ òfurufú ti já ní Medellín ní oṣù kẹfà ọdún 1935, tí Gardel sì kú. Gbogbo yàrá kígbe nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí, àwọn kan ń sọ pé Ọlọ́run ló kó o yọ. Olùdarí fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sọ̀rọ̀ wọn tán.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Aníbal Troilo dé, ibẹ̀ ni mo ti ń retí kó dúró pẹ́, kò sì dúró. Troilo fúnra rẹ̀ jẹ́ àgbà nínú títẹ bandoneon, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó lókìkí jù ní Buenos Aires. Piazzolla wọ inú ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1939, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ó ń tẹ ohun èlò rẹ̀ níbẹ̀, nígbà tó yá, ó tún di ẹni tó ń to orin fún wọn. Troilo a máa pa nínú ohun tí Piazzolla kọ rẹ́, nítorí pé àwọn oníjó gbọ́dọ̀ lè gbé ẹsẹ̀ tẹ̀lé orin. Ní ọdún 1941, Piazzolla tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Alberto Ginastera, olùṣẹ̀dá orin tó di ẹni ńlá ní Ajẹntínà, ọdún bíi mélòó kan ló sì fi wà lábẹ́ rẹ̀: òru ní ilé ijó, òwúrọ̀ nídìí ìwé. Ó kúrò lọ́dọ̀ Troilo ní ọdún 1944, ó darí ẹgbẹ́ akọrin Francisco Fiorentino, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1946. Àwo kan ṣoṣo ni wọ́n gbé fún wa láti inú gbogbo àkókò yìí, ó sì ń ha bí ohun tí wọn kò nù kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Síbẹ̀, nínú àwo ọdún 1946 náà, ẹni tó bá fetí sílẹ̀ yóò gbọ́ pé violin ti ń ṣe ohun tí kò pọn dandan fún ijó, pé àwọn ohùn ń kọ lu ara wọn lọ́nà tí ẹgbẹ́ Troilo kì bá ti gbà. Mo rò pé àwo mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti àkókò yìí ni ìbá fi ìpìlẹ̀ gidi sí abẹ́ ohun tó tẹ̀lé e.

Dípò bẹ́ẹ̀, ìtàn Párísì ni wọ́n gbé gun ẹṣin. Ìtàn náà dùn, n kò sẹ́. Ní ọdún 1953, Fabien Sevitzky darí iṣẹ́ ńlá kan tí Piazzolla kọ nípa Buenos Aires ní ilé ẹ̀kọ́ òfin ìlú náà, ìjà sì ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn òǹgbọ́ nítorí pé ó fi bandoneon méjì sí àárín ohun èlò ẹgbẹ́ orin kílásíkà. Iṣẹ́ yẹn ló mú kí ìjọba Faransé fún un ní owó ẹ̀kọ́, ó sì dé ọ̀dọ̀ Nadia Boulanger, olùkọ́ orin ní Párísì, ní ọdún 1954. Kò fẹ́ kí obìnrin náà mọ̀ pé ilé ijó tango lòun ti wá. Boulanger wo àwọn ìwé orin rẹ̀, ó rí i pé ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò rí Piazzolla nínú wọn, àfi ìgbà tó mú kí ó tẹ ọ̀kan nínú tango rẹ̀ fún un lórí dùùrù. Nígbà náà ló sọ fún un pé ibí yìí ni Piazzolla wà, kí ó má ṣe fi í sílẹ̀. Olùdarí wa sọ pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí i lẹ́ẹ̀kejì. Èmi kò gbà. Obìnrin náà kò fún un ní ohun tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ohun tó tẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà, inú ilé ijó Buenos Aires àti ìwé Ginastera ló ti gbé e wá. Ẹni tó gbọ́ ìtàn náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa yóò lọ sílé pẹ̀lú èrò pé ọ̀rọ̀ ìyànjú kan láti ẹnu òyìnbó ló sọ ọmọ Ajẹntínà di ènìyàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ ni mo sì ń rò nígbà tí èyí ń bí mi nínú.

Láti ibẹ̀ lọ, alẹ́ náà gbéra. Nígbà tí Piazzolla padà sílé ní ọdún 1955, ó kó ẹlẹ́ni mẹ́jọ jọ: bandoneon méjì, violin méjì, sẹ́lò, bàásì onídùró, dùùrù àti gìtá oníná. Gìtá oníná nínú tango jẹ́ ohun tí àwọn àgbà kà sí àrífín, ẹgbẹ́ náà kò sì ní akọrin, kò lu fún ijó. Ẹni tó bá mọ bí òde àríyá ṣe rí ní Ìlọrin yóò mọ ìwọ̀n ewu tó wà nínú èyí: kí olórin dàdàkúàdà dé òde, kí ó má kì ẹnikẹ́ni, kí ó ní kí gbogbo wọn jókòó kí wọ́n máa gbọ́ òun! Wọn yóò ha náwó fún un bí? Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́jọ náà kò sì pẹ́ tó fi túká, Piazzolla tún padà sí New York ní ọdún 1958. Nígbà tó wà lórí ìrìn àjò ní Puerto Rico ní ọdún 1959, ìròyìn ikú bàbá rẹ̀ dé bá a, ó sì kọ “Adiós Nonino” nígbà tó padà sí New York. Ẹ̀yà tí dùùrù nìkan fi bẹ̀rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n gbé fún wa, èyí tó jẹ́ àṣàyàn ọlọ́gbọ́n, nítorí pé nígbà tí bandoneon bá wọlé níkẹyìn, ara á ti ń wá a. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Wọ́n fi ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, irú ìfarabalẹ̀ yìí ni mo san owó fún.

Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún tó dá sílẹ̀ ní ọdún 1960 ni ọkàn gbogbo iṣẹ́ rẹ̀: bandoneon, violin, dùùrù, gìtá oníná, bàásì onídùró. Níbí ni mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa sípíkà. Wọ́n ra sípíkà tó dára, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀yìn wọn lẹ́ mọ́ ògiri, bàásì sì ń wú bò ọwọ́ òsì bandoneon mọ́lẹ̀. Ọwọ́ òsì yẹn ni ohùn tó dúdú, tó jinlẹ̀ ti ń wá, ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn kò gbọ́ ọ rárá. Nígbà tí mo kúrò lẹ́yìn lọ sí àga àárín, orin náà yàtọ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá fa sípíkà kúrò lára ògiri díẹ̀, ìṣòro náà yóò tán láì ná kọ́bọ̀.

Olùdarí tún kọ́ wa ní ìlù tó ń sáré lábẹ́ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Piazzolla: mẹ́jọ tí wọ́n pín sí mẹ́ta, mẹ́ta, méjì. Ó ní ká pàtẹ́wọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó ṣì í, kódà àwọn tí kò gbọ́ tango rí, nítorí pé irú ìpín bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí etí ẹni tó dàgbà láàárín ìlù. Inú Bàbá dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi sọ pé ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti gbé e lọ sí Buenos Aires. Òótọ́ ni pé àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú pọ̀ ní etí Río de la Plata, odò tí Buenos Aires wà létí rẹ̀, nígbà kan, pé ìlù candombe wọn wà lára ohun tó bí tango. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wa, ọ̀nà ṣì jìn, Piazzolla fúnra rẹ̀ sì sọ pé ìlù òun jọ orin ìgbéyàwó àwọn Júù tí òun ń gbọ́ ní New York nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ó yẹ kí wọ́n sọ èyí náà fún àwọn ènìyàn.

Ohun tí mo gbóríyìn fún láìyọ nǹkan kan kúrò ni pé wọ́n gbé I.K. Dairo sí àárín ètò náà. Ọ̀fà ni wọ́n ti bí Dairo ní ọdún 1930, kò sì sí ẹni tó fi akọ́díọ̀nù kọ jùjú tí orúkọ rẹ̀ dún tó tirẹ̀. Ọdún 1963 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE. Gbígbọ́ àwọn méjèèjì lẹ́sẹ̀ kan náà kọ́ni ní ohun tí àlàyé kò lè kọ́ni. Àwọn ará Yúróòpù ló ṣe àpótí ẹlẹ́wìrì fún àwọn méjèèjì, àwọn méjèèjì ló sì mú un wọ inú orin tó ní olóhun tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Dairo jẹ́ kí akọ́díọ̀nù rẹ̀ máa bá gángan sọ̀rọ̀, ijó kò sì kúrò nídìí rẹ̀. Piazzolla ní tirẹ̀ gbé bandoneon kúrò lẹ́sẹ̀ oníjó, ó gbé e síwájú ẹni tó jókòó. Ó dùn mí pé àwo Dairo kan péré ni wọ́n lò, tí olùdarí sì ń sọ̀rọ̀ lé e lórí títí ó fi parí. Ẹni tó wá láti Ọ̀fà tó jókòó tì mí kò dákẹ́ láti máa ráhùn.

Àkókò ti ń lọ nígbà tí wọ́n dé ọdún 1968, ohun tó kù ni wọ́n sì sáré kó. Wọ́n mẹ́nu ba eré olórin tí Piazzolla àti akéwì Horacio Ferrer jọ ṣe nípa obìnrin kan tó ń jẹ́ María ní ọdún yẹn, àti orin “Balada para un loco” tí Amelita Baltar kọ ní ọdún 1969, èyí tó gbé orúkọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò fetí sí i tẹ́lẹ̀. Àìsàn ọkàn kọlu Piazzolla ní ọdún 1973, ó sì lọ gbé ní Ítálì, níbi tó ti gba “Libertango” sínú àwo ní Milan ní ọdún 1974. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fẹ́ ti gbé èyí fún wa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dá dúró ní àárín, wọ́n sì fò ó. Ilé tó ń gba owó ìwọlé gbọ́dọ̀ ní gbogbo ohun tó fẹ́ lò lọ́wọ́ kí oníbàárà tó jókòó.

Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún kejì, tó wà láti ọdún 1978 títí di ọdún 1988, rí ìtọ́jú tó dára díẹ̀. Wọ́n gbé orin méjì láti inú àwo tí wọ́n gbà ní New York ní ọdún 1986, violin Fernando Suárez Paz àti dùùrù Pablo Ziegler sì dáhùn ohùn ara wọn lọ́nà tó mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde dúró. Wọ́n fi àwòrán Piazzolla hàn lára ògiri: ó dúró, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àpótí, ohun èlò náà wà lórí itan rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àwọn àgbà ìṣáájú máa ń jókòó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò gbé iṣẹ́ tó kọ ní ọdún 1979 fún bandoneon àti ẹgbẹ́ olókùn rárá, wọn kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Bí ilé kan bá ní òun fẹ́ fi ẹni tó ń dá tẹ ohun èlò tó sì tún ń ṣẹ̀dá orin hàn wá, iṣẹ́ yìí ni iṣẹ́ méjèèjì ti pàdé: òun ló kọ ọ́, òun ló sì dúró síwájú violin, hàápù àti ìlù láti tẹ̀ ẹ́. Fún mi, àìsí rẹ̀ burú ju nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dá dúró lọ. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà tó dá sílẹ̀ ní ọdún 1989, tí bandoneon méjì tún wà nínú rẹ̀, ni wọ́n fi parí, pẹ̀lú àlàyé ráńpẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ya lu ọpọlọ rẹ̀ ní Párísì ní oṣù kẹjọ ọdún 1990, kò sì tẹ ohun èlò mọ́ títí ó fi kú ní Buenos Aires ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1992.

Owó ìwọlé jẹ́ ₦3,000, tíì gbígbóná àti wàrà díndín wà nínú rẹ̀. Wàrà náà rọ̀, ata rẹ̀ sì tó, àmọ́ wọ́n ń pín in nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́, ariwo abọ́ sì ń dà wá láàmú. Ìsinmi wà ní àárín. Ìgbà yẹn ló yẹ kí wọ́n máa pín in. Àwọn tó ń tọ́jú àlejò níbẹ̀ mọ ọ̀wọ̀, wọ́n máa ń kí àgbà dáadáa, wọ́n sì bá ìyá àgbàlagbà kan wá àga tó ní ẹ̀yìn láìjẹ́ pé ó béèrè.

Olùdarí sọ fún wa pé nígbà tí wọ́n bá tún ṣe ètò Piazzolla, alẹ́ méjì ni wọn yóò pín in sí, èkíní láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ọdún 1959, èkejì láti ọdún 1960 dé òpin. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó fún méjèèjì, kí ó san ti èkejì, kí ó tètè dé kí ó lè rí àga àárín, kí ó sì bi wọ́n kó tó sanwó bóyá iṣẹ́ ọdún 1979 náà wà lára ohun tí wọn yóò gbé.